Ilẹ̀kùn, lọ́ọ̀kì àti hítà ọkọ̀ tó ti pẹ́: ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún ṣe

Ẹni tó bá ń wọ takisí Micra ní Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ dé Mọ́kọ́lá, ẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ fa hándù inú ilẹ̀kùn títí, kò dáhùn. Dírẹ́bà á ní kí ẹ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé síta ṣí i, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ wá ṣí i fún yín. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bínú sí i mọ́. Èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, tàbí tí iná bá ṣẹ́ yọ lábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí láti inú lè pa èèyàn. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kílíìpù oníke kan ṣoṣo ló kán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: púpọ̀ nínú wàhálà ilẹ̀kùn, lọ́ọ̀kì àti hítà ọkọ̀ tó ti pẹ́, ọjọ́ orí kọ́ ló fà á. Àtúnṣe àbọ̀ ló fà á. Ẹnì kan ti tú u rí, kò sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó sọ kílíìpù nù, ó fa náílọ́ọ̀nù ya, ó fi wáyà so ohun tó yẹ kó fi síkúrù dè. Omi òjò àti eruku ọyẹ́ wá bá iṣẹ́ lọ láti ibẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ẹ bá tú, ẹ dá a padà bí ẹ ṣe bá a nígbà tí ó wà ní pípé.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò ò pọ̀: sikurudíráfà alágbèélébùú àti pẹlẹbẹ, sípánà 8, 10 àti 12, tọ́ọ̀ṣì, àkísà, gírísì, WD-40 (ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n máa ń fọ́n), àti pẹ́ńsùlù. Ẹ wá abọ́ kékeré kan tí ẹ máa kó síkúrù sí. Síkúrù tó bá bọ́ sínú koríko, ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ò ṣí láti inú

Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ ṣí i láti ìta, kí ẹ wo etí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́ọ̀kì. Bọ́tìnì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ọmọdé. Bí ó bá wà ní ipò títì, hándù inú ò ní ṣiṣẹ́, kódà bí lọ́ọ̀kì náà bá jẹ́ tuntun. Ẹ tì í sí òdìkejì, kí ẹ tún dán hándù wò. Àwọn kan ti sanwó lọ́ọ̀kì tuntun nítorí bọ́tìnì yìí.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, páálí tí wọ́n fi bo inú ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kúrò. Iṣẹ́ yìí ò le, sùúrù ló ń fẹ́:

1. Ẹ yí fèrèsé sókè pátápátá. Bó bá jẹ́ fèrèsé oníná, ẹ yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kúrò.

2. Bó bá jẹ́ ti wínńdà alọ́wọ́yí, ẹ wo ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, wáyà kékeré kan tó tẹ̀ ló dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹ ki àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wínńdà àti páálí, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń dán bàtà. Wáyà náà á yọ. Ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó, nítorí ó máa ń fò.

3. Ẹ wá síkúrù níbi ìgbọ́wọ́lé àti nínú ihò hándù. Wọ́n sábà máa ń fi ike kékeré bo orí wọn. Bí ẹ bá ń fa páálí tí kò gbà, síkúrù kan ṣì wà tí ẹ ò tíì rí. Ẹ má fi agbára ṣe é.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi sikurudíráfà pẹlẹbẹ tí ẹ fi aṣọ wé yọ páálí ní kílíìpù kọ̀ọ̀kan. Ìdí kílíìpù gan-an ni kí irin náà wọ̀, kì í ṣe etí páálí, torí páálí tó ti mu omi òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún á kàn já bí búrẹ́dì ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tú, ẹ gbé e sókè kó lè kúrò ní ojú gíláàsì.

5. Ẹ máa rí náílọ́ọ̀nù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara irin. Ẹ rọra ṣí i, ẹ má fà á ya. Ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ilẹ̀kùn, kí ẹ ní kí ẹnì kan máa fa hándù. Láti ìdí hándù, ẹ máa rí irin tín-ín-rín kan, tàbí kébù, tó lọ bá lọ́ọ̀kì. Bí hándù bá ń lọ tí irin náà dúró jẹ́ẹ́, ìdí hándù ló kán, tàbí kílíìpù tó so wọ́n pọ̀ ti já. Bí irin bá ń lọ ṣùgbọ́n tí lọ́ọ̀kì ò dáhùn, eruku àti gírísì àtijọ́ ló ti gan mọ́ inú lọ́ọ̀kì náà. Ẹ fọ́n WD-40 sí i dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí ṣàn jáde, kí ẹ nù ún, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi gírísì díẹ̀ sí i. WD-40 nìkan ò tó, nítorí kì í pẹ́ gbẹ.

Tí kílíìpù bá ti já, ẹ máa bá irin náà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ má fi wáyà dè é. Wáyà á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí hándù ò ní fa nǹkan kan mọ́. Ẹ mú kílíìpù tó kán lọ sí ọjà Aráròmí ní Gate, kí ẹ fi wá irú rẹ̀. Ìwọ̀n irin yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì, torí náà ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Bí wọn ò bá ta kílíìpù lọ́tọ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín yọ ọ́ lára lọ́ọ̀kì tókúnbọ̀ tó ti bàjẹ́.

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa síbí. Ẹ MÁ ti ilẹ̀kùn láti fi dán iṣẹ́ yín wò. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹ fi sikurudíráfà ti ìkọ́ ẹnu lọ́ọ̀kì wọlé títí tó fi dún "ká" lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti wà ní ipò títì báyìí. Ẹ fa hándù inú. Ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ fò padà. Ẹ tún ti ìkọ́ wọlé, kí ẹ fa ti ìta. Ẹ ṣe é léraléra. Ìgbà tí méjèèjì bá dáhùn láìṣe àṣìṣe kankan ni kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ ò lè ṣí, ẹ máa ní láti yọ páálí nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Iṣẹ́ yẹn le ju èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ, páálí á sì ya.

Àfi kí ẹ gbá a kó tó tì

Gbígbá kì í wo ilẹ̀kùn sàn, ńṣe ló ń ba lọ́ọ̀kì jẹ́ sí i, ó sì ń já wáyà inú rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ìlàjì, kí ẹ di ìparí rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ṣé ó mì lọ sókè lọ sílẹ̀? Ẹ wo híǹjì méjèèjì bí ẹnì kejì ṣe ń gbé e. Bó bá jẹ́ inú híǹjì ló ti ń mì, irin àárín rẹ̀ ti jẹ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó mọṣẹ́, kó bá yín pààrọ̀ irin náà. Ẹ má gbà kó fi òòlù lu ilẹ̀kùn sókè, torí ó máa wálẹ̀ padà, á sì tún mú ọ̀dà ara ọkọ̀ ṣí.

Bí híǹjì bá dúró digbí, irin tó wà lára òpó, èyí tí lọ́ọ̀kì máa ń gbá mú, ló ti yẹ̀. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká. Ìlà yìí ló máa mú yín padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ bí nǹkan bá dàrú. Ẹ dẹ síkúrù rẹ̀, ẹ má yọ wọ́n tán, torí nínú àwọn ọkọ̀ kan, irin tí síkúrù wọ̀ lẹ́yìn òpó lè jábọ́ sínú. Ẹ sún un díẹ̀, bíi mìlímítà 1 tàbí 2, kí ẹ dè é, kí ẹ ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Tó bá ṣì ń gbé ilẹ̀kùn sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn yọ síta ju ara ọkọ̀ lọ, ẹ tì í wọlé.

Bí ó bá ti jókòó, ẹ fi bébà sáàárín rọ́bà àti ara ọkọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fa bébà náà. Ó yẹ kó le díẹ̀ láti fà. Ibi tó bá ti yọ́ jáde wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni omi àti ariwo á gbà wọlé. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ra rọ́bà yẹn láéláé, wíwú ló máa wú.

Omi ń dún nínú ilẹ̀kùn, kápẹ́ẹ̀tì sì ń rùn

Omi gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé òjò á máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè jáde. Nígbà tí eruku ọyẹ́ àti ewé bá dí ihò náà, omi á dúró, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń dún bí ẹ bá tẹ búréékì, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú kí ẹ tó rí i lóde. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wo etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan yọ ìdọ̀tí inú ihò rẹ̀. Ẹ ṣe é ní Oṣù Kẹta kí òjò tó dé, kí ẹ tún ṣe é ní àárín Oṣù Kẹjọ tí òjò bá dá díẹ̀.

Iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù tí mo ní kí ẹ má fà ya rèé: ó ń dá omi padà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kó lè gba ihò yẹn jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n ti fa tirẹ̀ dànù, omi òjò á kọjá sí ẹ̀yìn páálí, á sì wọ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó nípọn ní ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò lẹ̀ ẹ́. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ihò tó gùn nísàlẹ̀ irin ilẹ̀kùn, kí omi lè kán sínú, kì í ṣe síta. Ẹ̀kán omi tó bá kán síta ń lọ sí kápẹ́ẹ̀tì yín.

Kọ́kọ́rọ́ ò yí dáadáa

Ẹ má da ọ́ìlì sí ojú kọ́kọ́rọ́. Ọ́ìlì máa ń mú eruku dání, ní àsìkò ọyẹ́ sì rèé, ẹrẹ̀ ló máa dà nínú ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha dúdú inú pẹ́ńsùlù, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tọ́ ọ, kí ẹ máa kì í bọ inú lọ́ọ̀kì, kí ẹ máa yọ ọ́, kí ẹ máa nu èyí tó dúdú. Ọ̀pọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ní ó ti kú ló ń jí pẹ̀lú ìyẹn nìkan.

Bí kò bá yí síbẹ̀, ẹ dán kọ́kọ́rọ́ yẹn wò ní ilẹ̀kùn kejì tàbí búùtù, tí ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Tó bá yí wẹ́rẹ́ níbẹ̀, ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà ló ti jẹ. Tó bá le níbi gbogbo, kọ́kọ́rọ́ ló ti jẹ. Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó lásán: wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ lọ sọ́dọ̀ agé-kọ́kọ́rọ́ ní Dùgbẹ̀, á gé irú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú gbogbo jíjẹ tó jẹ. Ẹ mú sípéà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí lọ, tàbí kí ẹ wá nọ́ńbà tó wà lára kọ́kọ́rọ́ tàbí páálí kékeré tó bá ọkọ̀ wá. Ẹni tó ní ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà yẹn gé e bó ṣe wà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

Ṣẹ́ńtà lọ́ọ̀kì, èyí tó ń ti gbogbo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, nìkan ni ó kù. Tí kò bá ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ wo fíùsì. Àwọ̀ ara rẹ̀ ń sọ iye áńpíà iná tó lè gbé: pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Ẹ fi irú tí ẹ yọ dá a padà. Ẹni tó bá wé wáyà tàbí bébà síga sí i ti sọ wáyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù di fíùsì, ibẹ̀ náà ló máa jóná. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kò dáhùn, tí fèrèsé tàbí sípíkà rẹ̀ náà sì ń dákú dájí, ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, kí ẹ fa rọ́bà dúdú tó wà láàárín rẹ̀ àti òpó tó wà níhà híǹjì kúrò ní ẹnu ihò. Wáyà inú ibẹ̀ ń tẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí tàbí ti ilẹ̀kùn. Ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Èyí tó bá gùn bí rọ́bà ti já nínú. Ẹ ní kí rẹwáyà fi wáyà rírọ̀ kún un, kó jó o pọ̀, kó má kàn lọ́ ọ pọ̀ kó sì fi tépù wé e.

Hítà: ta ló nílò rẹ̀ ní Ìbàdàn?

Ìbéèrè mẹkáníìkì nìyẹn kó tó gé hóòsì méjèèjì tó ń gbé omi ẹ́ńjìnnì lọ bọ̀ nínú hítà so pọ̀. Ìdáhùn mi ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ òjò, tí èèyàn mẹ́rin ń mí nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, gíláàsì iwájú á ṣú, ẹ ò sì ní rí ọlọ́kadà tó ń bọ̀ níwájú. Hítà ló ń gbẹ gíláàsì yẹn. Bí AC yín bá ń ṣiṣẹ́, ẹ tan òun àti hítà pa pọ̀, kí ẹ darí afẹ́fẹ́ sí gíláàsì, kí ẹ sì pa bọ́tìnì tó ń yí afẹ́fẹ́ po nínú ọkọ̀. AC á fa omi inú afẹ́fẹ́ kúrò, hítà á mú un gbóná, gíláàsì á sì mọ́. Hítà fúnra rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mu epo, nítorí ooru tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ sọ nù náà ló ń lò: omi ẹ́ńjìnnì ń gba hóòsì méjì kọjá sínú rédíétọ̀ kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù á sì fẹ́ sí i.

Bí kò bá gbóná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí tí ọwọ́ gééjì á fi dé ààyè rẹ̀, ẹ yí bọ́tìnì sí pupa, kí ẹ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kí fáànù àti bẹ́líìtì má baà gbá a mú. Ẹ fọwọ́ kan hóòsì méjèèjì tó wọ inú ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ wéré.

Tí méjèèjì bá gbóná, omi ń lọ dáadáa. Kébù bọ́tìnì ló já tàbí yọ, tàbí ìdérí inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló gan. Kébù kan náà yìí ló fà á tí hítà àwọn kan fi ń fẹ́ ooru ní ọ̀sán gangan tí wọn ò lè pa á.

Tí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, rédíétọ̀ kékeré ti dí, tàbí fáàfù rẹ̀ ò ṣí. Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ hóòsì méjèèjì, kí ẹ máa fi omi tí kò lágbára púpọ̀ ṣàn án láti ẹnu tí omi ń gbà jáde, títí tí omi á fi mọ́. Omi tó ń tú jáde á pupa bí omi ìpẹtà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, á fọ́ ọ.

Tí méjèèjì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ti lọ sílẹ̀, tàbí kẹ̀ wọ́n ti yọ tẹmositáàtì, ìyẹn fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Èyí wọ́pọ̀ gan-an níbí: ọkọ̀ bá gbóná jù, wọ́n á yọ tẹmositáàtì jù nù, wọ́n á ní ìwòsàn dé. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹmositáàtì kì í tètè dé ooru tó yẹ, ó ń mu epo sí i, hítà rẹ̀ kì í sì í gbóná dáadáa. Ẹ dá a padà. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ dán an wò: ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú omi tútù nínú ìkòkò, kó má kan ìdí ìkòkò, kí ẹ dáná sí i. Bí 82 bá wà lára rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C, kí omi tó hó. Èyí tí kò bá ṣí nígbà tí omi ń hó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Fáànù tó ń ṣiṣẹ́ ní nọ́ńbà tó ga jù nìkan, rẹsísítọ̀ rẹ̀, ohun tó ń dín eré fáànù kù, ló jóná, kì í ṣe fáànù. Èyí tí kò dún rárá, ẹ wo fíùsì, kí ẹ wá fi ọwọ́ gbá ìdí fáànù jẹ́jẹ́. Bó bá gbéra, bọ́rọ́ọ̀ṣì (èédú kékeré tó ń gbé iná) inú rẹ̀ ló ti jẹ tán. Ẹni tó ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò, kó máa kó ewé kúrò nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Bí kápẹ́ẹ̀tì iwájú bá tutù nígbà tí òjò ò rọ̀, tí gíláàsì ní ọ̀rá tó ń padà lẹ́yìn tí ẹ nù ún, tí òórùn dídùn kan sì ń yọ nínú ọkọ̀, rédíétọ̀ kékeré ló ń jò. Ẹ má tọ́ ọ wò, májèlé ni kúláǹtì, omi oníkẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀. Níbí ni mo gbà pé kí ẹ so hóòsì méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí ọkọ̀ tí omi rẹ̀ ń dínkù á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ lo hóòsì tó ń gba ooru àti kílíìpù irin, ẹ má dí ẹnu ihò méjèèjì pa, kí omi lè máa yí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá rédíétọ̀ kékeré míì.

Nígbà tí ẹ bá ń da omi padà, ẹ lo kúláǹtì. Òtútù Ìbàdàn ò tó láti mú omi dì, ṣùgbọ́n kúláǹtì ló ń dènà ìpẹtà. Òkè ò wọ́n wa ní Ìbàdàn: kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ẹ páàkì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí imú ọkọ̀ kọ sókè, kí ẹ sì fi nǹkan dí táyà. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ yí hítà sí pupa, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ máa da kúláǹtì sí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń hó jáde. Bí kò bá hó mọ́ tí hítà sì ń fẹ́ ooru, ẹ dé e.

Hítà tó ń ṣiṣẹ́ máa ń wúlò bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbóná jù nínú sún-kẹẹrẹ Ìwó Road. Ẹ pa AC, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹ tan hítà dé òpin pẹ̀lú fáànù rẹ̀. Ẹ máa làágùn, ṣùgbọ́n ooru á máa kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí ọwọ́ gééjì ò bá sọ̀kalẹ̀, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí tí ẹ á fi lè di hóòsì òkè rẹ̀ mú láìjó yín lọ́wọ́. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń gbóná, orí rẹ̀ lè là.